Fóònù Tó Ń Tọ́jọ́: Ohun Tí Orúkọ Lè Sọ àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

Ẹ dúró ní Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ní Under-G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá pé fóònù wo ló lágbára jù. Ìdáhùn mẹ́wàá lẹ ó gbọ́. Ẹnìkan á ní lẹ́yìn iPhone, kò tún sí fóònù mọ́. Ẹlòmíràn á ní Samsung ni kí ẹ rà. Ẹ̀kẹta á búra pé itel tí ìyá òun ń lò ti pé ọdún mẹ́rin, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà rí. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn; ohun tí ojú kálukú rí ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ná ₦200,000 lọ́la kò lè fi ìdáhùn yẹn rajà, nítorí pé ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, tí a ń bi bí ẹni pé ẹyọ kan ni.

Àkọ́kọ́, ṣé fóònù náà máa ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tàbí pé omi wọ̀ ọ́? Ìkejì, ọdún mélòó ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yóò fi máa tọ́jú ètò inú rẹ̀? Ìkẹta, bó bá bàjẹ́, ṣé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà nítòsí, ṣé a sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú? Ìkẹrin, ṣé èyí tí wọ́n nà sí yín gan-an jẹ́ ojúlówó tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú wò? Orúkọ tó wà lẹ́yìn fóònù lè ràn yín lọ́wọ́ lórí ìkejì àti ìkẹta. Ti àkọ́kọ́, mọ́dẹ́lì ló ń dáhùn rẹ̀. Ti ìkẹrin, àfi kí ẹ fi ọwọ́ àti ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Tábìlì ẹnjiníà kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí a fi ń ṣèdájọ́ ni kí a wo fóònù tó kún orí tábìlì ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Bí Tecno àti Infinix bá pọ̀ níbẹ̀, a ó ní, "Ẹ ò rí i? Àwọn wọ̀nyí ló ń bàjẹ́." Ìdájọ́ yẹn ní àléébù, torí ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú náà ni yóò pọ̀ lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àfiṣàpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ní àdúgbò kan, ènìyàn 600 ń lo fóònù kan tó wọ́pọ̀, ènìyàn 40 sì ń lo òmíràn tí kò wọ́pọ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, 12 nínú èyí tó wọ́pọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, 2 péré ló dé nínú ìkejì. Lójú tábìlì, ìlọ́po mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n 12 nínú 600 jẹ́ 2 nínú 100, nígbà tí 2 nínú 40 jẹ́ 5 nínú 100. Èyí tí a ń bú gan-an ló ṣe dáadáa jù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ iye tó bàjẹ́ fún yín, ẹ béèrè iye tó wà níta. Láìmọ ìkejì, àkọ́kọ́ kò nítumọ̀.

Tábìlì yẹn tún ń fi nǹkan mìíràn pamọ́. Fóònù olówó ńlá tó bá kú, a máa ń gbé e lọ fún àtúnṣe. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tó bá kú, inú àpótí ló ń lọ, nítorí owó àtúnṣe rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké tó ti kú ni ẹnjiníà kò fojú kàn rárá. Ẹni tó sì fi owó oṣù mẹ́ta ra fóònù kì í fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé ó ti ń yọ òun lẹ́nu. Ẹ fi èyí náà sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ìyìn.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹnjiníà ni pé, "Kí ló máa ń ṣe wọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín?" Ojú fóònù tó fọ́, omi tó wọlé, ihò ṣájà tó ti gbòòrò nítorí pé wọ́n ń fi ipá ki wáyà bọ̀ ọ́: ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ni gbogbo wọn ti wá, kò kan orúkọ kankan. Ṣùgbọ́n ká ní ó sọ fún yín pé mọ́dẹ́lì kan báyìí wà, tí kò tíì lò tó ọdún kan, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ máa ń lọ pátápátá, tàbí tó ń kú tó ń jí fúnra rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ ń tẹ ara rẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tó sì ti rí márùn-ún tàbí mẹ́fà bẹ́ẹ̀ tí kò ṣubú. Ẹ kọ mọ́dẹ́lì náà sílẹ̀, ẹ̀rí gidi nìyẹn. Bí ẹnjiníà mìíràn ní Sábó bá tún sọ ohun kan náà láìjẹ́ pé ẹ tọ́ka sí i fún un, ẹ má ra mọ́dẹ́lì yẹn.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Àṣìṣe ilé-iṣẹ́ sábà máa ń hàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́: wáyà inú tí wọn kò tẹ̀ wọlé dáadáa, bátìrì tí kò pé, bọ́ọ̀dù (pátákó iná inú fóònù) tí òjé rẹ̀ kò mú. Bí fóònù bá kọjá ibẹ̀, ó máa ń sinmi fún ìgbà díẹ̀, kó tó di pé bátìrì àti ihò ṣájà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó ní ọdún kejì tàbí ìkẹta. Ìdí nìyí tí fídíò tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kẹta tí fóònù jáde kò fi lè sọ bó ṣe máa tọ́jọ́ tó. Kámẹ́rà àti ẹwà ni irú fídíò bẹ́ẹ̀ mọ̀. Èyí tí ẹni tó ti lò ó fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan bá sọ ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá sì ra tuntun, ẹ má dá a sí ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ẹ fi pe ìpè tó gùn, ẹ tan hotspot fún wákàtí kan, ẹ wo fídíò fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó lọ sílẹ̀ dé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó gbà á sí iná títí yóò fi kún. Ohun tí yóò bàjẹ́ nínú rẹ̀, ó sàn kó bàjẹ́ nígbà tí ẹni tó tà á ṣì rántí yín.

Orúkọ púpọ̀, ilé-iṣẹ́ kan

Tecno, Infinix àti itel, ọmọ ìyá ni wọ́n. Transsion tó wà ní Shenzhen ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ló ni gbogbo wọn, àti oraimo tó ń ṣe ṣájà àti gbohùngbohùn etí. Carlcare tó ń tún wọn ṣe, ti ilé kan náà ni. Redmi àti POCO wá láti ọ̀dọ̀ Xiaomi. OnePlus àti realme jẹ́ ìbátan OPPO. Nítorí náà, ẹni tó ń jà pé Infinix le ju Tecno lọ, ọmọ ìyá méjì ló ń fi wé ara wọn.

Ìyàtọ̀ tó lágbára jù, inú orúkọ kan náà ló wà. Tecno Pop àti Tecno Camon kì í ṣe ẹgbẹ́. Infinix Smart àti Infinix Note kì í ṣe ẹgbẹ́. Samsung tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A0 àti Samsung ti ọ̀wọ́ S, owó wọn, ṣíìpù wọn (ọpọlọ tó ń gbé fóònù ṣiṣẹ́), ojú wọn àti ọdún tí wọn yóò fi tọ́jú wọn, gbogbo rẹ̀ ló yàtọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ fóònù, ọmọ gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ wò. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wo About phone, nọ́ńbà mọ́dẹ́lì tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kò sí orúkọ ńlá tí kò tíì ṣubú. Ní 2016, Samsung gbé Galaxy Note 7 jáde. Bátìrì rẹ̀ ń gbiná, wọ́n pe nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ padà, èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ náà tún ń gbiná, ni wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró pátápátá ní oṣù kẹwàá ọdún náà. LG G4 tó jáde ní 2015 máa ń kú tó ń jí láìdúró. LG gbà ní oṣù kìíní 2016 pé ohun kan nínú bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò fara kan ara wọn dáadáa. Ní 2017, Apple gbà pé òun ń dín eré àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó kù kí wọ́n má baà kú lójijì. Ní 2025, Google ní láti fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Pixel 6a kí bátìrì rẹ̀ má baà gbóná jù lẹ́yìn tí ó bá ti gbaná kún ní ìgbà 400.

Ohun tí ìtàn wọ̀nyí ń kọ́ni ju pé gbogbo wọn ń ṣàṣìṣe lọ. Ẹ wo ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn àṣìṣe. Samsung kó ti ẹ̀ padà. Apple dín owó pípààrọ̀ bátìrì láti dọ́là 79 sí 29 ní gbogbo ọdún 2018. LG jáde kúrò nínú òwò fóònù ní 2021, ẹni tó ra LG tó kẹ́yìn sì mọ̀ bí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe ń ṣọ̀wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó lè jáde lọ́la, ó yẹ kí ìyẹn náà wà nínú ìṣirò yín.

Ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí

Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ "16GB RAM" gàdàgbà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà kékeré ibẹ̀ á sọ "8GB+8GB". Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni RAM gan-an, ibi tí fóònù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Mẹ́jọ kejì, inú àyè tí ẹ ń kó fọ́tò àti fídíò sí ni fóònù ti yá a. Kò yára tó RAM, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ àyè yín. Ẹ gbàgbé rẹ̀, mẹ́jọ ni kí ẹ kà.

Àyè ìkónǹkansí yẹn gan-an ni ohun tí a kì í ṣàyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fóònù kékeré dàbí arúgbó láìpé ọdún méjì. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: eMMC, tó jẹ́ ti àtijọ́ tí kò sì yára, àti UFS tó yára jù ú lọ dáadáa. Fóònù olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń lo eMMC. Nígbà tí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ibi díẹ̀ tó ṣófo ni fóònù yóò máa kọ nǹkan sí, tí yóò máa pa á, tí yóò tún máa kọ ọ́, ní gbogbo ọjọ́. Kálukú ibi kéékèèké inú rẹ̀ sì ní iye ìgbà tí a lè kọ nǹkan sí i kó tó rẹ̀ ẹ́. Bí àwọn fídíò WhatsApp bá ti kún 64GB dé ẹnu, fóònù yóò máa dúró kó tó ṣí nǹkan, a ó sì ní orúkọ náà kò dára. Bí owó bá gbà, ẹ ra 128GB, kí ẹ sì máa fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ẹ lọ sínú WhatsApp, ẹ pa gbígba fídíò wọlé fúnra rẹ̀. Ìyẹn nìkan á gbà yín lọ́wọ́ ìdajì wàhálà.

IP ni wọ́n fi ń sọ bí fóònù ṣe lè fara da eruku àti omi. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti eruku, ó ń lọ láti 0 dé 6. Ìkejì jẹ́ ti omi. IP54 túmọ̀ sí pé eruku díẹ̀ lè wọlé ṣùgbọ́n kò ní dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, àti pé omi tó ta sí i kò ní ṣe é ní nǹkan. IP67 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé rárá, ó sì lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. IP68 ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé-iṣẹ́ kálukú ló ń sọ iye tirẹ̀. Omi mímọ́ tútù ni wọ́n fi ń dán an wò, kì í ṣe omi ọṣẹ, kì í ṣe omi iyọ̀. Gọ́ọ̀mù tó ń dí i sì wà lára ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀: ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí fóònù náà láti pààrọ̀ ojú, kí ẹ kà á sí pé IP rẹ̀ ti tán. Iye mẹ́gápísẹ́ẹ̀lì kámẹ́rà kò kan àlòpẹ́ rárá, ẹ fò ó.

Fóònù tó kú nígbà tó ṣì ń tàn

Fóònù lè wà láàyè, kí ojú rẹ̀ mọ́ roro, kó má wúlò mọ́. Ìmúdójúìwọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní update, ló ń pinnu ìyẹn. Ní 2025, WhatsApp dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí Android tó bá kéré sí 5.0 tàbí iOS (ètò inú iPhone) tó bá kéré sí 15.1, bí iPhone 6 ṣe kúrò nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Áàpù báńkì tiẹ̀ máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò owó.

Orúkọ wúlò gan-an níbí. Samsung ṣèlérí update ọdún méje fún Galaxy S24, ọdún mẹ́fà fún Galaxy A16 tí kò wọ́n tó o. Google ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8. Apple kì í sábà ṣèlérí, ṣùgbọ́n iPhone 11 ti 2019 rí iOS 26 gbà ní 2025, nígbà tí iPhone XR ti 2018 kò rí i gbà. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń rí ìwọ̀nba gbà, àwọn mìíràn kì í sì í kọjá Android tí wọ́n bá wáyé. Ọjọ́ tí fóònù jáde ni ọdún ìlérí ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i nínú ṣọ́ọ̀bù: Settings, About phone, Android version, ẹ wá Android security update. Bí déètì ibẹ̀ bá ti lé ní ọdún kan lórí fóònù tí wọ́n ní tuntun ni, tí wọ́n sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí kò rí update kankan, wọ́n ti pa á tì nìyẹn.

Oòrùn, ọyẹ́ àti iná ìjọba

Nǹkan kan wà tí ìwádìí láti òkè òkun kì í kà mọ́ ọn, ìyẹn ni ibi tí a ń gbé. Apple fúnra rẹ̀ sọ pé ibi tó tutù ju 0 lọ tàbí tó gbóná ju 35 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kò yẹ fún lílo iPhone. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́ lè kọjá 35. Iwájú mọ́tò tí a gbé sínú oòrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ooru ló ń pa bátìrì líthíọ́ọ̀mù ju ohunkóhun lọ, pàápàá bó bá kún tó sì tún gbóná. Ẹni tó ń fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí gba iná mọ́jú, tí bátìrì rẹ̀ wú lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, kò tíì lè dá orúkọ lẹ́bi.

Bátìrì kì í sì í wà láéláé. Gbígbà iná kún lẹ́ẹ̀kan ni a ń kà sí ìyípo kan. Ìdajì lónìí, ìdajì lọ́la, ìyípo kan náà ni. Apple ní bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wà fún ìyípo 500 kó tó ṣẹ́kù ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti iPhone 15, ó di 1,000. Ẹni tó ń gba iná kún lẹ́ẹ̀kan lójoojúmọ́ yóò fi nǹkan bí oṣù 16 dé 500. Ìyẹn jẹ́ pé bátìrì tó rẹ̀ ní ọdún kejì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, fóònù náà lè ṣì dára. Èyí tó ń rẹ̀ ní oṣù kẹrin ni ẹ̀sùn. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn fóònù ti ń gbéra tàbí ojú rẹ̀ ń yọ sókè, bátìrì ti wú: ẹ pa á, ẹ má gbà á sí iná mọ́, ẹ má gún un, kí ẹ gbé e lọ fún ẹnjiníà lọ́jọ́ náà.

Ṣájà tún ń dẹ́bi fún fóònù láìṣẹ̀. Ṣájà tó dára ní "100–240V" lára, pẹ̀lú ohun tó ń gbé jáde, bíi 5V 2A, tó jẹ́ 10W. Nígbà tí iná ìjọba bá ń lọ sókè sódò, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń tan, ṣájà ayédèrú kì í lè sé ariwo iná yẹn mọ́ ìta. Ẹ ó rí i pé ojú fóònù ń fò, ó ń tẹ ohun tí ẹ kò tẹ̀, lásìkò tó wà nínú iná nìkan. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná. Bó bá dúró, ṣájà ló níṣòro, fóònù kò ṣe nǹkan kan. Bó bá ń bá a lọ, ojú fóònù gan-an ni.

Eruku ọyẹ́ ni ìkẹta. Ó máa ń kó pọ̀ mọ́ ìwú aṣọ àpò nínú ihò ṣájà, wáyà kì í wọlé tán mọ́, fóònù á sì máa gba iná díẹ̀díẹ̀ tàbí kó má gbà á rárá. Ẹ pa fóònù, kí ẹ fi igi ìtayín tó tín-ín-rín yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má lo abẹ́rẹ́ tàbí píìnì, wọ́n á ṣẹ́ ahọ́n inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ní ihò ṣájà rẹ̀ ti bàjẹ́, eruku lásán ló dí i.

Tòkunbọ̀: níbi tí orúkọ ti ń tanni jù

Bí a bá ra tòkunbọ̀, kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe là ń rà mọ́. Fóònù tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta ti tú, tó ní bátìrì ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn àti ojú tí kì í ṣe tirẹ̀, kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ tẹ *#06#. IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà tó jẹ́ oní-nọ́ńbà 15, yóò jáde. Ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí àti èyí tó wà nínú Settings. Nọ́ńbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ń sọ mọ́dẹ́lì, nítorí náà bí ẹ bá fi í wádìí tó sì sọ orúkọ fóònù mìíràn, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kó sì tún tan án láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá béèrè Google account tàbí Apple ID ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, tí olùtajà kò sì ní in, ẹ má rà á, ohun yòówù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ó lè jẹ́ ti olè, ó sì lè dì mọ́ yín lọ́wọ́ bíi bíríkì.

Ẹ fi síìmù tiyín sínú rẹ̀, kí ẹ fi pe ènìyàn, kí ẹ sì tan data. Fóònù tí wọ́n tì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì òkè òkun kan ṣoṣo kò ní gba síìmù yín. iPhone 14 sókè tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò tiẹ̀ ní ihò síìmù, eSIM nìkan ló ń lò, ìyẹn síìmù inú fóònù tí a kì í fi ọwọ́ yọ. Ẹ kọ́kọ́ bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bóyá yóò gbé nọ́ńbà yín bọ́ sí eSIM kí ẹ tó sanwó.

Lórí ọ̀pọ̀ Samsung, *#0*# ń ṣí ojú-ewé àyẹ̀wò: ẹ tẹ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, kí ẹ wá ìlà tàbí àmì tó dúró sí ojú kan. Ìlà àwọ̀ ewé tó gba òkè dé ìsàlẹ̀ lójú AMOLED (oríṣi ojú fóònù kan) ti ṣẹlẹ̀ sí orúkọ púpọ̀; kò sí àtúnṣe fún un ju pípààrọ̀ gbogbo ojú náà lọ. Lórí iPhone, ẹ wo Battery Health, ṣùgbọ́n ẹ má gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́ nìkan, torí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ yí i padà. Ẹ lọ sí General, About: láti iPhone 11, ó ń sọ bí wọ́n bá ti pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú rẹ̀. Ẹ yọ àwo síìmù, kí ẹ tan iná wo inú ihò rẹ̀; àmì funfun kékeré tó wà níbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́lì máa ń di pupa bí omi bá ti wọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ìdá bátìrì tó hàn lójú fóònù sílẹ̀, ẹ wo fídíò fún ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ìdajì. Fóònù oní-5,000mAh (mAh ni ìwọ̀n bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó) tó bá jẹ ju bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní àárín àkókò yẹn ń sọ nǹkan fún yín. Ẹ gbà á sí iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Lílọ́wọ́ọ́rọ́ kò burú; gbígbóná tí ọwọ́ kò lè dúró lé ni wàhálà. Kí wọ́n kọ IMEI àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi dúró fún un sórí rìsíìtì.

Owó kan náà, tuntun kékeré tàbí tòkunbọ̀ ńlá?

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ Under-G ń bá fà jù nìyí. Ojú méjì ló ní. Tuntun kékeré ní bátìrì tuntun, wárántì, àti ìtàn tó mọ́. Ohun tí kò ní ni ṣíìpù tó lágbára àti ọdún update tó gùn. Tòkunbọ̀ ńlá ní ṣíìpù àti kámẹ́rà tó dára, ṣùgbọ́n àwọn ọdún rẹ̀ ti ń lọ, bátìrì rẹ̀ sì lè ti rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: owó tòkunbọ̀ náà, ẹ fi owó bátìrì tuntun kún un, ẹ sì yọ iye ọdún tó ti kọjá láti ìgbà tí mọ́dẹ́lì náà jáde kúrò nínú ọdún update tí wọ́n ṣèlérí. Bí ó bá ṣẹ́kù ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì yege nínú gbogbo àyẹ̀wò òkè yìí, ó yẹ ní rírà. XR lónìí kò yege nínú ìṣirò yìí. Mo gbà pé ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í rí iOS tuntun gbà mọ́.

Ẹni tó ń fi fóònù ṣòwò, tó ń gba owó lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ọjọ́ kan láìsí fóònù sì jẹ́ àdánù, tuntun ni kó rà, kí ó sì jẹ́ mọ́dẹ́lì tí ẹ̀yà rẹ̀ wọ́pọ̀. Kó tó yan, kó lọ bá ẹnjiníà mẹ́ta, kó sì bi wọ́n: "Èló ni ojú mọ́dẹ́lì yìí, ṣé ẹ ní in lónìí, àbí ẹ ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn?" Ojú Tecno, Infinix àti Samsung A tó wọ́pọ̀ kì í pẹ́ rí. Ti Pixel tàbí realme lè gba kí wọ́n ránṣẹ́ sí Ìkẹjà, kí ẹ sì dúró. Bí owó ojú náà bá tó ìdajì owó fóònù, tí ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ yín kì í dúró jẹ́ẹ́, ẹ wá òmíràn. Fún màmá tó ń lo WhatsApp àti ìpè nìkan, 128GB, bátìrì 5,000mAh, security update tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, àti ṣájà tó bá a wá nínú páálí ti tó. Kí ẹ bá a pa gbígba fídíò fúnra rẹ̀ lórí WhatsApp lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e fún un.